Re: "Pínpín ojú òfurufú" kọ́ o, àyálò ni

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lórí ìròyìn T-Mobile, iléeṣẹ́ fóònù l'Amẹ́ríkà, àti Starlink, sátẹ́láìtì iléeṣẹ́ SpaceX, tí ẹ̀gbọ́n wa kan fẹ́ túmọ̀ fún rédíò, tí wọ́n wá kọ spectrum sharing, ìyẹn kí ẹni méjì máa lo ìgbì rédíò kan náà, ní "pínpín ojú òfurufú". Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi o, mi ò gbà.

Ojú òfurufú ni bàálù ń gbà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò á rò pé orílẹ̀-èdè méjì ló ń jà lórí ọ̀nà bàálù, bẹ́ẹ̀ ìgbì là ń sọ. Ẹnì kan ní ká pè é ní "òṣùmàrè rédíò", ó dùn létí, ẹni tó bá ka físíìsì á sì mọ ibi tó ti wá, àmọ́ ìyá tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba á kàn gbójú sókè máa wá òjò ni. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo ẹ̀ ní ìgbì rédíò, ká pe abala kan nínú ẹ̀ ní báńdì bí àwọn oníṣẹ́ fóònù ṣe ń pè é, ó tán. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ń sọ "lórí ìgbì" tipẹ́tipẹ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ṣé ìgbì òkun ni.

"Pínpín" gan-an ló ń dùn mí. Tí wọ́n bá pín ogún, kálukú á gbé tiẹ̀, ó parí. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe sí ìgbì látọjọ́ yìí náà nìyẹn, tẹlifíṣọ̀n níbí, fóònù lọ́hùn-ún, kí ohùn má baà gorí ohùn bó ṣe máa ń ṣe nínú mọ́tò lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn, tí pásítọ̀ á máa wàásù tí fújì á sì máa lù lábẹ́ ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí, báńdì kan náà lẹni méjì fẹ́ lò. A ní àjọjẹ, a ní àjọgbé, a ní àjọṣe, kí ló wá dé tí kò ní jẹ́ àjọlò?

Ṣùgbọ́n àjọlò náà ò tíì kó gbogbo ẹ̀ já o. Oṣù kẹjọ 2022 ni T-Mobile àti SpaceX kéde pé sátẹ́láìtì máa fi báńdì tí T-Mobile ní, 1910 sí 1915 MHz àti 1990 sí 1995 MHz (MHz ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìgbì), bá fóònù lásán sọ̀rọ̀, fóònù tó wà lápò ẹ tẹ́lẹ̀, wàá kàn jáde síta gbangba níbi tí òrùlé ò ti bo ojú ọ̀run, àtẹ̀jíṣẹ́ á lọ. Nígbà tí FCC tó ń rí sí ìgbì l'Amẹ́ríkà wá gbé òfin jáde lóṣù kẹta 2024, wọ́n ní kí sátẹ́láìtì yá báńdì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fóònù tó ni ín, kò sì gbọ́dọ̀ dí àwọn tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́, bí àwọn yẹn bá sì dí òun lọ́wọ́, kò lẹ́nu àtifẹjọ́ sùn. Ṣẹ́ ẹ rí i pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́? Bíi ti ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni, o lè gbin àgbàdo, o ò lè gbin kòkó. Èyí ni mo ṣe ní "àyálò báńdì". (Àwa tá à ń pe ọ̀rọ̀ òyìnbó tá a mú lò ní àyálò, tá ò dá ọ̀kankan padà rí, ẹ má jẹ́ kí SpaceX gbọ́.)

Ẹnì kan tún béèrè ohun tá a máa pe interference. Ìdílọ́wọ́ tó, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìgbì jáde kúrò nínú báńdì tiẹ̀ bọ́ sí ti aládùúgbò, ẹ kọ ọ́ pé ó ń jò. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn: SpaceX ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀ díẹ̀ lórí ìwọ̀n tó lè jò, àmọ́ iléeṣẹ́ fóònù méjì míì l'Amẹ́ríkà ta kò ó: AT&T ní yóò fi ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún dín eré nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun kù, Verizon náà ò gbà, síbẹ̀ FCC fọwọ́ sí i lóṣù kẹta 2025 pẹ̀lú àdéhùn. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, T-Mobile ti ṣí iṣẹ́ sátẹ́láìtì náà fáráyé.

Ẹ má sì da ti Apple pọ̀ mọ́ ọn. iPhone 14 tó ń pe sátẹ́láìtì Globalstar tí wàhálà bá dé, báńdì sátẹ́láìtì gan-an ló ń lò, fóònù ni wọ́n ṣe kó lè gbọ́ ọ. Kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fóònù kankan.

Mi ò tíì fẹ́ ká fi àyálò sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa pátápátá ṣá. Níbi ìpàdé àgbáyé lórí ìgbì tí ITU, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ìgbì àti fóònù, máa ṣe ní 2027 ní Shanghai, wọ́n máa jíròrò bóyá kí sátẹ́láìtì ní àyè tiẹ̀ láàárín nǹkan bíi 694 MHz sí 2700 MHz láti máa bá fóònù sọ̀rọ̀ tààrà. Ìgbì láti òkè ò mọ ẹnu ibodè, ohun tó bá rọ̀ sórí Ìmẹ̀kọ lè kan Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àdéhùn iléeṣẹ́ méjì nìkan ò sì lè yanjú ìyẹn. Tí wọ́n bá fún sátẹ́láìtì ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn tó wà nílẹ̀, kì í ṣe àyálò mọ́ nìyẹn, àjọlò ló máa tó o.