Ìbẹ̀wò òbí sọ́dọ̀ ọmọ tó wà lọ́wọ́ alágbàtọ́: ohun tó máa ń dà á rú ní Ìkòròdú

Òṣìṣẹ́ wẹ́fẹ́à, Ìkòròdú:

Ohun tó ń ba ìbẹ̀wò jẹ́ jù kì í ṣe ìwà òbí. Aago ni, ìlérí ló sì tẹ̀ lé e. Òbí tó ń ti Ọjọ́ta bọ̀ ní Sátidé á ní agogo 2 lòun máa dé, súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ á mú un ní Máìlì 12, ó di agogo 4 kó tó wọlé. Ọmọ ti wọṣọ láti àárọ̀, kò jẹun, ẹnu géètì ló ń wò. Bí ìyá bá wá dé, ọmọ á kọ̀, kò ní sún mọ́ ọn. Ìyá á ní wọ́n ti kọ́ ọmọ òun kó kórìíra òun. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ má sọ fún un ṣáájú àárọ̀ ọjọ́ náà. Kí òbí pè nígbà tó bá wọ ọkọ̀, kó tún pè tó bá dé Ògólóńtò. Ìgbà tó bá ti jókòó sí ọ́fíìsì wẹ́fẹ́à ni kí alágbàtọ́ tó gbé ọmọ kúrò nílé. Bí ìṣẹ́jú 30 bá ti kọjá tí òbí ò yọ, ẹ sọ fún ọmọ pé wọn ò ní lè wá mọ́ lónìí, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ míì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ọmọ dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ béèrè ọjọ́ Orò kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́. Lọ́jọ́ tí Orò bá jáde níbí, obìnrin ò ní jáde. Ìyá ò lè wá, alágbàtọ́ tó jẹ́ obìnrin ò sì lè gbé ọmọ síta. Wọ́n máa ń kéde ẹ̀ ṣáájú, nítorí náà kò yẹ kó bá ẹnikẹ́ni lójijì.

Ní ti ìlérí: òbí ò gbọdọ̀ sọ pé "mò ń bọ̀ wá mú ẹ lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Ọmọ á máa ka ọjọ́. Èyí tó lè ṣe ló yẹ kó sọ: "Màá tún wá lọ́jọ́ Sátidé méjì sí i." Bí kò bá dá a lójú, kó má dárúkọ ọjọ́ rárá.

Ìyá alágbàtọ́, Ìgbógbó:

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti irun kún un, torí ohun tó dáa jù tí ìyá lè bá ọmọbìnrin ṣe láàárín wákàtí kan nìyẹn. Ọmọ á jókòó sáàárín orókún ìyá ẹ̀. Kò ní pọn dandan kí wọ́n máa wo ojú ara wọn, ẹnu á sì là fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń yan irun tí wọ́n máa dì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ fi irun ọ̀sẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ìyá ṣáájú. Kí alágbàtọ́ tú irun ọmọ, kó fọ̀ ọ́, kó sì yà á kó gbẹ láàárọ̀. Ìyá á mú òòyà àti ìpara wá. Ẹ ṣọ́ra fún irun wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́. Àkókò á tán, irun ò ní tíì dé ìdajì orí, ọmọ á máa ké lọ sílé bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un dì, ì báà wọ́. Ẹ jẹ́ kó fi lọ sílé ìwé.

Oúnjẹ: ìkọ́kọrẹ́ inú kúlà dáa, kí ìyá ṣáà ti yọ egungun ẹja ẹ̀ kúrò. Kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ara ọmọ kì í gbà. Àgbo àti òróró àdúrà tí wọ́n ní kí ọmọ mu, a kì í gbà á. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́. Àdúrà tí wọ́n bá gbà sókè, tí gbogbo wa gbọ́, kò sí ẹni tó bá wọn jà.

Lálẹ́ ọjọ́ ìbẹ̀wò, ọmọ lè tọ̀ sílé, ó lè bínú, ó lè má jẹun. Ẹ má sáré sọ pé kí wọ́n dá ìbẹ̀wò dúró. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ wo, ta ló wá, báwo ni wọ́n ṣe pínyà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìpínyà ni ìṣòro, kì í ṣe ìpàdé. Bó bá ku ìṣẹ́jú 15, ẹ sọ fún ọmọ. Kí òbí ló kọ́kọ́ jáde, kó juwọ́, kó má sì padà wọlé nítorí ẹkún.

Lọ́yà, Sábọ̀:

Ẹ̀yin màmá, ẹ má fi ìbẹ̀wò jẹ ọmọ níyà. "O ò ní rí mọ́mì ẹ tóò bá fọ abọ́," ìyẹn ò bófin mu. Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1990, sọ ní abala 19 pé ọmọ tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí wọn déédéé. Èkó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tiẹ̀ láti ọdún 2007. Bí kóòtù bá ti kọ ohunkóhun nípa ìbẹ̀wò, ìyẹn lẹ máa tẹ̀ lé, kì í ṣe àdéhùn ẹnu. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà sọ́wọ́.

Ẹnìkan, Ìmọ̀ta:

Àwọn tí ọmọ-ọmọ wọn wà lọ́wọ́ alágbàtọ́ ní ìlú ọba ńkọ́? Orí fóònù nìkan ni wọ́n ti lè rí i.

Lọ́yà, Sábọ̀:

Òfin ọmọdé wọn ti 1989, abala 34, ló pa á láṣẹ fún káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kí wọ́n jẹ́ kí òbí máa rí ọmọ níwọ̀nba tó tọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì, káńsù lè dá a dúró fúnra wọn, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 7 lọ láìsí kóòtù. Ìyá àgbà ò sí lára òbí lójú abala yẹn. Kó kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọmọ náà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, àfi kó tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù.

Bí wọ́n bá gbà, ẹ sọ tẹ́lẹ̀ pé Yorùbá ni màmá máa sọ, kí wọ́n lè wá ògbufọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kó jókòó ti ọmọ lè gé ìpè náà tí kò bá gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Láti ìparí oṣù Kẹwàá sí ìparí oṣù Kẹta, aago wọn fi wákàtí 1 dín sí tiwa. Ìyókù ọdún, aago kan náà ni. Kí màmá ra dátà, kó sì ti gba iná sí fóònù láti alẹ́ àná. Kó gbé fóònù ti nǹkan lórí tábìlì. Bó bá gbé e lé orí ẹsẹ̀, òrùlé lọmọ á máa wò.