Aṣọ ta ni kí n kọ́kọ́ rán: ti ọmọ mi tó lóyún ni, àbí ti ọmọ tí à ń retí?

Ìyá Aránṣọ, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin tí a jọ ń fi abẹ́rẹ́ jẹun. Ọmọbìnrin mi kejì, tó ń gbé ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ti gbé oyún dé oṣù keje, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ fún àwọn ará ìlú. Mo ti rán aṣọ ìyàwó, aṣọ òkú, àti aṣọ ìsọmọlórúkọ tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí mo ti ra àdìrẹ yáàdì mẹ́wàá ní Ìtòkú fún ọmọ tèmi, n kò tíì lè fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ló wà. Mo máa ń tẹ́ ẹ, mo máa ń fọwọ́ tẹ́ ibi tó kákò, lẹ́yìn náà mo tún máa ń ká a padà.

Ohun tó ń dá mi dúró nìyí. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, ìyá mi, tí òun náà jẹ́ aránṣọ, rán aṣọ ọmọ mẹ́fà sílẹ̀, ó fi òwú funfun ṣe ọnà sí ọrùn wọn, ó sì kó wọn sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Ọmọ náà kò dúró. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ aṣọ yẹn létí mi rí, ṣùgbọ́n títí ó fi lọ, kò tún rán aṣọ sílẹ̀ de ọmọ kankan mọ́. Ó di ìgbà tí ọmọ bá ké kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, á sì rán an mọ́jú. Mo mọ̀ pé aṣọ kì í pa ọmọ, àwọn nọ́ọ̀sì sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi nígbà náà. Síbẹ̀, bí mo bá ti gbé sísọ́ọ̀sì, ìyá mi ni mo máa ń rí.

Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dúró di ẹ̀yìn ìkúnlẹ̀ ni? Bí n kò bá ní dúró, báwo ni kí n ṣe gé bùbá tí ọmọ mi yóò máa wọ̀ báyìí, tí yóò tún lè wọ̀ ní ọjọ́ kẹjọ, tí yóò sì lè fi fún ọmọ lọ́mú láìbọ́ aṣọ sílẹ̀ lójú àlejò? Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹlú gidi pa láró ni mo rà. Ǹjẹ́ a lè fi èyí tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ rán nǹkan fún ọmọ tuntun?

Màmá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ẹ kú ìrètí o, ìyá wa. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ, láṣẹ Èdùmàrè. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ tó lọ náà, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ìdáhùn tèmi ni pé kí ẹ gé e lónìí, kí ẹ sì gé e fún ọmọ tí ẹ fúnra yín bí. Ọmọ tí à ń retí kò tíì ní ara tí a lè na téèpù sí, ṣùgbọ́n ọmọ yín ní, ara náà sì ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun gan-an ló sì nílò aṣọ nísinsìnyí. Gbogbo ènìyàn ló máa ń rántí ra nǹkan fún ọmọ tuntun. Ìyá ọmọ ni wọ́n máa ń gbàgbé, ẹ óò rí i tí yóò máa wọ síkẹ́ẹ̀tì tó ti fún mọ́ ọn, tí yóò máa fi pínnì há a níbi tí bọ́tìnì kò ti dé mọ́.

Ní ti ìró, kò sí wàhálà níbẹ̀, nítorí pé ìró ni aṣọ aboyún tó dára jù lọ tí n mọ̀: bí ikùn ṣe ń ga ni okùn rẹ̀ ń gòkè, ọjọ́ tí ikùn bá wálẹ̀, ìró náà á bá a wálẹ̀. Bùbá ni kí ẹ fi ọgbọ́n sí. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi tí ikùn ti yọ jù, kí ẹ jẹ́ kí iwájú gùn ju ẹ̀yìn lọ ní íǹṣì mẹ́ta, nítorí ikùn yóò gbé iwájú sókè, bí ẹ kò bá sì fi kún un, bùbá náà yóò dà bí aṣọ tó yá lọ́wọ́ ọmọ kékeré. Ẹ fi íǹṣì méjì sílẹ̀ nínú ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ yín sì máa fi ẹsẹ̀ gígùn rìn níbẹ̀, kí ó lè rọrùn láti tú nígbà tí ẹ bá fẹ́ fún un wọlé lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ní ti ọmú, ẹ má ṣe fi síìpù sí iwájú rẹ̀. Eyín síìpù máa ń ha ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń gé àyà bùbá ní ìlọ́po méjì: abala ìsàlẹ̀ ni mo máa ń là ní ọwọ́ ọ̀tún àti òsì, tí mo sì máa ń ṣẹ́ etí ibi tí mo là náà dáadáa, abala òkè yóò wá bò ó, n kò sì ní rán ìsàlẹ̀ abala òkè yìí mọ́ ara bùbá. Ìyá ọmọ á kàn gbé e sókè, ọmọ á rí ọmú, àlejò kò ní mọ nǹkan kan.

Ẹ má ṣe àṣìṣe tí mo ṣe. Oṣù kẹfà oyún ọmọ mi ni mo fi ojú inú wo bí yóò ti rí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, mo sì rán lẹ́ẹ̀sì tó fún mọ́ ìbàdí fún un, mo rò pé bó bá ti bí, ikùn ti lọ nìyẹn. Ikùn kò lọ ní ọjọ́ mẹ́jọ o! Lẹ́ẹ̀sì náà kò kọjá àyà rẹ̀, nítorí ọmú ti kún, ó sì sunkún nínú yàrá nígbà tí wọ́n ti ń pín obì níta. Ìró àtijọ́ mi ló ró jáde. Títí dòní ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí.

Agbẹ̀bí, Ilé-Ifẹ̀:

Mo kí yín, ẹ̀yin ìyá wa. Ohun tí Màmá Ìbejì sọ nípa ikùn jẹ́ òótọ́: ilé-ọmọ máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó padà sí bó ṣe wà, nítorí náà kí aṣọ ọjọ́ kẹjọ fẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí ẹ má ṣe pèsè ohunkóhun fún ọmọ. Òtútù tètè máa ń mú ọmọ tuntun, nítorí pé inú omi ló ti jáde wá, kò sì tíì lè mú ara rẹ̀ gbóná dáadáa. Bó bá ti jáde, a óò nù ún gbẹ, a óò gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, a óò fi aṣọ gbígbẹ bo àwọn méjèèjì, a óò sì dé fìlà fún un. Bí a bá béèrè aṣọ yìí tí kò sí, ẹni tí wọ́n bá ní kó sáré lọ sọ́jà ní òru kò ní rí i rà. Kí àpò ìkúnlẹ̀ ti wà ní dídì nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 36.

Àwọn ìyá àgbà wa ní ọgbọ́n kan tí kò ní kó ìpayà bá yín. Wọn kì í rán aṣọ tuntun sílẹ̀. Ìró wọn tó ti gbó, tó ti rọ̀ bí òwú nítorí fífọ̀, ni wọ́n máa ń gé sí wẹ́wẹ́ láti fi gba ọmọ. Aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ní èròjà líle lára mọ́, ó sì máa ń fa omi ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé lọ.

Ní ti àdìrẹ, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi aró tó ṣì ń ṣí kan ara ọmọ. Kí ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ léraléra títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ìyá máa wọ̀ ọ́, kí ti ọmọ dúró díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì wá ń rán ti ọmọ, ẹ yí inú aṣọ síta kí ẹ gé gbogbo òwú tó bá gùn kúrò. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ lásán lè lọ́ mọ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ nínú aṣọ, kí ó sì fún un títí ìka náà yóò fi wú, ọmọ kò sì lè ṣe ju kó máa ké lọ. Ẹ má fi okùn sí ọrùn rẹ̀. Pínnì tí àwọn aboyún sì máa ń fi há ara aṣọ bí wọ́n bá ń jáde lọ́sàn-án, kí ẹ bá ọmọ yín yọ ọ́ kúrò kí ó tó gbé ọmọ tuntun mọ́ra.

Ọmọ Aláṣọ Òfì, Ìsẹ́yìn:

Ẹ̀yin ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ahunṣọ ni mí, ọkùnrin sì ni mí, nítorí náà n kò ní sọ̀rọ̀ nípa oyún. Ọ̀rọ̀ dídúró de ọmọ ni mo fẹ́ fi ọwọ́ kàn.

Àwọn tó ń sọ pé kí a má tètè pèsè fún ọmọ inú kì í ṣe aláìmọ̀kan. Wọ́n ti rí i rí ni, wọn kò sì fẹ́ kí ẹrù ọmọ máa wo ìyá lójú nínú yàrá bí nǹkan bá yí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ aṣọ òkè fún mi lẹ́yìn tí ọmọ dé, ọjọ́ mẹ́jọ kò lè tó láti ta òwú, láti hun ún, láti tò ó pọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà tí ọkàn wọn kò balẹ̀ ni pé mo máa ń hun fọ́nrán rẹ̀ sílẹ̀. Fọ́nrán òfì kì í ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó kàn gùn gbọọrọ ni, n óò ká a, yóò wà lórí pẹpẹ. Kò tíì di aṣọ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè mí pé ìyá ti sọ̀ kalẹ̀, aránṣọ á tò ó pọ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Bí ẹ bá fẹ́ òfì fún ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kó mọ sórí gèlè àti ìpèlé. Ó wúwo, ó sì ń mú ooru. Bùbá òfì kò yẹ abíyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Ìyá Aránṣọ, Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹni tó bí ọ kò ní kábàámọ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́nrán yẹn ló tú mi sílẹ̀.

Mo gé àdìrẹ náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ti kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́rin, omi ìkẹrin ló mọ́. Mo gé iwájú gùn ju ẹ̀yìn lọ bí Màmá Ìbejì ti wí, mo sì là abala ìsàlẹ̀ fún ọmú. Nígbà tí mo ń ṣẹ́ etí rẹ̀ lọ́wọ́, mo rántí bí mo ṣe ń tú bọ́tìnì aṣọ mi láàárín ọjà láti fún ọmọbìnrin yìí kan náà lọ́mú, tí mo ń fi ìborùn bo ara.

Lẹ́yìn náà mo ṣí àpótí ìyá mi. Wọ́n ti fún ọmọ ẹlòmíràn ní aṣọ mẹ́fà yẹn tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ìró àdìrẹ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó máa ń ró lọ sọ́jà, aró rẹ̀ ti ṣí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun. Mo sè é, mo sá a, mo fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná lọ̀ ọ́, mo sì gé e sí mẹ́rin. Ọwọ́ ni mo fi ṣẹ́ etí wọn, n kò lo ẹ̀rọ. Inú àpò ìkúnlẹ̀ ni yóò wà.

Yáàdì àdìrẹ mẹ́ta tó kù wà lórí tábìlì, n kò gé e. Ọmọ mi ń bọ̀ ní Sátidé láti wọ bùbá náà wò. N kò tíì rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀.