Mo fẹ́ díje fún káńsẹ́lọ̀ lórí ìjọba tó ṣí sílẹ̀: ìlérí wo ló ṣeé mú ṣẹ?

OlùdíjeTuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń múra láti díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìjọba tí kì í fi ìwé pamọ́, tó sì ń dá aráàlú lóhùn, ni mo fẹ́ fi polongo. Ṣùgbọ́n ta ni olóṣèlú tí kì í sọ bẹ́ẹ̀? Èwo ni káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo lè ṣe, èwo ló nílò ìbò àwọn yòókù, báwo ni mo sì ṣe máa sọ ọ́ kó lè ṣeé wọ̀n?

Akọ̀wéÌgbìmọ̀: Ẹ kú ìmúra. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín nìkan kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹ kọ àwọn tí ẹ bá ṣèpàdé síta, bí ẹ ṣe dìbò àti ìdí rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ ó máa jókòó gbọ́ ẹjọ́. Kí ìgbìmọ̀ máa gbé ètò ìpàdé síta ṣáájú, ìyẹn nílò ìbò, torí ìlànà ìjókòó ló máa yí padà. Ẹ má sì fi mọ sí "ṣáájú", ẹ dárúkọ wákàtí. Ní California, òfin Brown Act ní kí wọ́n lẹ ètò ìpàdé déédéé síta ó kéré tán wákàtí 72 kó tó wáyé. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí wọ́n kọ "ìjíròrò lórí kọ́ńtírákì ọ̀nà" láìfi iye owó tàbí ìwé kọ́ńtírákì náà sí i. Ẹ béèrè pé kí ìwé tó tẹ̀ lé e jáde pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹjọ́Ìlú: Ìdáhùn gan-an ló nira jù. Gbogbo ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, ọjọ́ tó wọlé, ẹ̀ka tó ni ín àti ọjọ́ tó yẹ kó parí. Baltimore ló kọ́kọ́ lo nọ́ńbà fóònù 311 ní Amẹ́ríkà, ní 1996, kí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe pàjáwìrì lè ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ á kọ "ó ti parí" nígbà tó jẹ́ pé ó kàn taari ẹ̀sùn sí ẹ̀ka mìíràn ni. Kòtò ṣì wà lójú ọ̀nà. Iye ẹ̀sùn tí wọ́n bá kọ pé ó ti parí ni ọ̀gá fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wọn, ìdí nìyẹn. Ẹ béèrè fún ipò mẹ́rin: "ó ti wọlé"; "ó wà lọ́wọ́ ẹ̀ka báyìí"; "iṣẹ́ ti parí, fọ́tò rẹ̀ rèé"; "a kò ní í ṣe é, ìdí rẹ̀ rèé". Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ìkẹrin yẹn. Ẹni tó gbọ́ "rárá" tó sì mọ ìdí lè wá ọ̀nà mìíràn; ẹni tí wọn ò dá lóhùn á kàn máa dúró ni.

Ẹ má fi ìpíndọ́gba ọjọ́ ṣe ìlérí. Bí ẹ̀sùn mẹ́sàn-án bá parí ní ọjọ́ 2, tí ìkẹwàá gba ọjọ́ 182, ìpíndọ́gba á sọ pé ọjọ́ 20, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dúró fún ọjọ́ 20. Ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó yá jù dórí èyí tó pẹ́ jù, ẹ mú ti àárín, kí ẹ sì kọ iye tó kọjá gbèdéke sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àdúgbò tí ẹ̀sùn rẹ̀ kéré. Ibi tí wọ́n ti pè títí láìrí ìdáhùn máa ń dákẹ́.

OlówóÌlú: Bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi sikánà yà bí àwòrán kò ṣeé wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò ṣeé rò pọ̀. Fáìlì CSV, ìyẹn tábìlì lásán tí kọ̀ǹpútà lè kà, ni kí ẹ béèrè, ìlà kan fún iṣẹ́ kan: àdúgbò, iye tí wọ́n fọwọ́ sí, iye tí wọ́n ti san, agbaṣẹ́ṣe, ọjọ́ ìparí. Ẹ fi àyè kan sí i fún owó tí wọ́n bá fi kún kọ́ńtírákì lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e fún agbaṣẹ́ṣe. Ibẹ̀ ni owó ti ń jò, torí kò sẹ́ni tó ń bá agbaṣẹ́ṣe náà díje mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí aráàlú bá yín pinnu ohun tí ìlú máa fi owó ṣe, bí Porto Alegre ní Brazil ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ẹ kọ́kọ́ ya iye kan sọ́tọ̀, kí ẹ̀ka iṣẹ́ sì ṣírò àbá kọ̀ọ̀kan kí ìdìbò tó wáyé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á yan afárá tí owó tó wà nílẹ̀ ò lè kọ́ ju òpó rẹ̀ lọ.

OlùdíjeTuntun: Ẹ ṣeun gan-an. Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ilé, kí ni kí n sọ ní ìṣẹ́jú méjì?

Ẹjọ́Ìlú: Ẹ béèrè ni: "Kí lẹ ti fi tó ìjọba ìlú létí tí wọn ò dá yín lóhùn?" Ẹ kọ ọ́ sí káàdì, pẹ̀lú ibi tó wà àti ọjọ́ tí wọ́n fẹjọ́ sùn. Ẹ padà láàárín ọjọ́ 7, kódà bó jẹ́ orúkọ ẹ̀ka tó ni iṣẹ́ náà nìkan lẹ rí mú bọ̀. Ẹ má ṣèlérí àtúnṣe. Ẹ ò tíì dé ipò.

Akọ̀wéÌgbìmọ̀: Níbi tí òfin bá ti béèrè ìbuwọ́lù 200 kí orúkọ olùdíje tó lè wọ ìwé ìdìbò, ẹ gba 300. Wọ́n máa fagi lé àdírẹ́sì tí kò bá ìwé orúkọ olùdìbò mu, ẹni tó buwọ́ lù lẹ́ẹ̀mejì, àti ẹni tó ń gbé lódì kejì ààlà wọ́ọ̀dù. Alaalẹ́ ni kí ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò, kì í ṣe ọjọ́ tí gbèdéke bá pé.