Báwo ni mo ṣe lè pe ọmọdé sínú ìwádìí lórí iná igbó?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlọrin ni mo ti ń kàwé. Ìwádìí mi dá lórí bí àwọn ọmọ ọdún 8 sí 12 ṣe ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí iná igbó ìgbà ọyẹ́ bá jó oko kaṣú àwọn òbí wọn ní agbègbè Òmù-Àrán. Ẹnu àwọn ọmọ gan-an ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ti sọ tiwọn tó.

Mo gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí, kí ọmọ náà sì gbà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti le. Nílẹ̀ Ìgbómìnà, ọmọ wo ló máa wo ojú àgbà kó ní òun ò ṣe? Á kúnlẹ̀, á ní "ẹ̀ẹ́n, mà", kódà bí ẹ̀rù iná ọ̀hún bá ṣì ń bà á. Tí mo bá tún gba ọ̀dọ̀ baálẹ̀ wọlé (mi ò sì lè ṣàì gba ibẹ̀), ta ló fẹ́ kọ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń sọ tí ọmọ fi ń mọ̀ pé kíkọ̀ kì í ṣe àrífín? Ṣé kí wọ́n yàwòrán dípò ìbéèrè? Bisikíìtì ńkọ́, ṣé kò ní dà bí àbẹ̀tẹ́lẹ̀?