Okun ni mo fara mọ́, kì í ṣe agbára

Lórí orúkọ tá a máa fún àwọn ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣàgámù ní ká máa pe energy ní "agbára", kí bó ṣe ń bọ́ láti ìrísí kan sí òmíràn sì máa jẹ́ "àyípadà agbára", nítorí ó ti mọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lára. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà.

Ẹrù ti wọ "agbára" lọ́rùn jù. Òun náà là ń pe power, òun là ń pe force. Ẹ wo mítà iná tá à ń rọ káàdì sí: yúníìtì kan jẹ́ joule mílíọ̀nù 3.6 (joule la fi ń wọn energy). Energy la rà yẹn. Áyọ́ọ̀nù a fà á tán wàràwàrà, gílóòbù a rọra máa lò ó. Ìyára yẹn ni power, watt la fi ń wọ̀n ọ́n: joule kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni watt kan. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ agbára, báwo ni tíṣà fíṣíìsì ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe fẹ́ là á yé ọmọ?

Agbára fún power, ipá fún force, kí energy máa jẹ́ okun. Ṣebí àwọn àgbà ló ní okun inú la fi ń gbé tìta? Ẹ̀bà wọ ikùn, ẹrù kúrò nílẹ̀.

Ní ti "àyípadà", ohun tó yí padà lè pọ̀ sí i, ó lè dín. Okun kì í pọ̀, kì í dín. Ìrísí ló ń pààrọ̀. "Ìparadà" ló bá a mu. Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ àjẹ́ nìyẹn. Ó dáa náà: ẹni tó para dà, òun náà ṣì ni.

Ẹnì kan bi wá pé bí okun kì í bá tán, kí ló dé tí dísù ń tán? Ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ tí ń rin pákí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nínú okun dísù tó jó, bóyá ni ìdá kan nínú mẹ́ta fi ń dé ara béélítì. Ìyókù bá èéfín lọ, ó sì ń se omi inú ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi máa rú ooru. Èyí tó dé ara béélítì pàápàá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án wò: ó gbóná. Dísù ló tán, okun rẹ̀ ti para dà di ooru. James Joule, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará England, ti fi irú èyí hàn láàárín ọdún 1840 sí 1850: ó jẹ́ kí ohun tó wúwo máa já wálẹ̀, kó máa yí àjẹ̀ kékeré nínú omi, omi náà sì gbóná sí i díẹ̀.

Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń yọ mí lẹ́nu ni potential energy, ìyẹn okun tó wà nípamọ́ nínú nǹkan, bí ẹrù tá a gbé sókè. "Okun àpamọ́" ni mo ń dán wò, àmọ́ ó ń dún bí owó abẹ́ ẹní. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìpẹ́rù, ẹ mú tiyín wá.