Ta ló mọ̀ pé dírẹ́bà tákísí ni Mr. Brown padà ṣe?

Tèmi rèé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò Mind Your Language, eré apanilẹ́rìn-ín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Mr. Brown ti ń kọ́ àwọn àlejò ní òyìnbó, wà nílé wa n'Íbàdàn, bàbá mi ló rà á, tá a bá ti jẹun alẹ́ tán ní Sátidé wọ́n á ní ká lọ pe àwọn ará ilé kejì, àwa ọmọ á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mr. Brown á wọ kíláàsì, Ranjeet á tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún, Jamila á máa hun òwú ẹ̀ lọ, Taro ará Jàpáànù á máa fi "o" parí ọ̀rọ̀, bàbá mi á ní ẹ ò rí i pé Yorùbá ni ọkùnrin yìí, ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Mo wá dé Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tákísí ni mo bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbé bàbá òyìnbó kan, ó bi mí pé níbo ni mo ti gbọ́ òyìnbó báyìí, mo ní níléèwé ni, àti lọ́wọ́ Mr. Brown. Bàbá yẹn dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ṣé mo mọ̀ pé dírẹ́bà bíi tèmi ni Mr. Brown kó tó kú, àgbègbè Leicestershire níbí náà sì ni. Mi ò gbà á gbọ́. Mo délé, mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo ti ń wá a lórí fóònù.

Òótọ́ ni o! Barry Evans lorúkọ ẹ̀ gan-an, 1943 ni wọ́n bí i ní Guildford, wọ́n já a jù sílẹ̀ lọ́mọ ọwọ́, ilé ọmọ aláìlóbìí ló ti dàgbà. Ó mọ eré ṣe láti kékeré, ó rí sikọláṣípù gbà, ó lọ kọ́ tíátà ní Central School ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣe eré tẹlifíṣọ̀n Doctor in the House, kó tó wá kan Mr. Brown láti 1977 sí 1979, apá 29 ni wọ́n ṣe nígbà yẹn. Ojú ẹ̀ ló wá di wàhálà fún un, ojú ọmọdé tí gbogbo wa fẹ́ràn yẹn, ó ń dàgbà ojú ò dàgbà, wọn ò rí ipa àgbàlagbà fún un. Lẹ́yìn fíìmù kan ní 1993, ó di dírẹ́bà tákísí.

Oṣù kejì 1997 ló kú, ẹni ọdún 53. Àwọn ọlọ́pàá rí ọkọ̀ ẹ̀ tí olè jí gbé, wọ́n wá sọ fún un nílé ẹ̀ ní abúlé Claybrooke Magna, òkú ẹ̀ ni wọ́n bá.

Mi ò ka iṣẹ́ tákísí sí ìyà o, òun ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí àwa ń rẹ́rìn-ín n'Íbàdàn, òun ń gbé èrò kiri, kò sì sí ẹnì kankan nílé wa tó kọ lẹ́tà kan péré sí i pé ẹ ṣé o, tíṣà.

*

Ẹ̀gbọ́n, omi bọ́ lójú mi. Lọ́ńdọ̀nù lèmi wà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò fẹ́ràn eré yẹn, Michael Grade tó jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń ṣe é ló dá a dúró torí ó ní ó ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sì lè sọ pé irọ́ ló pa. Àmọ́ nígbà tí mo ń lọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́, mo ní "ọsibítù", tíṣà wa bú sẹ́rìn-ín lójú gbogbo èèyàn, mi ò la ẹnu mọ́ títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí. Mr. Brown ni mo rántí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ padà lọ wò ó dáadáa, gbogbo kíláàsì á da òyìnbó rú, òun á kàn dijú díẹ̀, á mí kanlẹ̀, á tún un ṣe fún wọn. Ojú ẹ̀ yẹn gan-an ló ń pa wá lẹ́rìn-ín, ọwọ́ ẹ̀ leré yẹn wà. Tí mo bá gba ìsinmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé mi dé abúlé yẹn.

*

Ẹ máa bọ̀ àbúrò mi, ọkọ̀ wà. Mi ò ní gba owó.