Kẹ́ ẹ tó ṣéńjì ọ́ìlì mọ́tò yín fúnra yín, ẹ mọ nọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ fẹ́ tú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan nínú wa bi mí pé ṣé òun lè ṣéńjì ọ́ìlì mọ́tò òun fúnra òun láì gbé e lọ sọ́dọ̀ mọkáníìkì, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí kó lè wúlò fún gbogbo wa. Ẹ lè ṣe é. Iṣẹ́ náà ò le rárá, ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe kan wà tó máa ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ mọ́ ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́wọ́, àwọn yẹn ni mo fẹ́ ká jọ dúró lé lórí.

Ìwé tó bá mọ́tò wá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Inú ẹ̀ ni wọ́n kọ irú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì yín ń lò sí, bóyá 0W-20 àbí 5W-30, àti líta mélòó tó ń gbà. W yẹn, ìgbà òtútù ló dúró fún. Bí nọ́ńbà tó ṣáájú ẹ̀ bá ṣe kéré tó bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì náà á ṣe tètè ṣàn tó láàárọ̀ tí òtútù bá mú, nọ́ńbà ẹ̀yìn ló ń sọ bó ṣe máa ki tó tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní èyí tó ki jù ló dáa jù, ohun tí ìwé bá sọ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹni tó ń wa mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì tó ní fíltà èéfín, ọ́ìlì tiẹ̀ yàtọ̀ o, torí eérú tó máa ń kù tí ọ́ìlì tí kì í ṣe tiẹ̀ bá jó máa ń dí fíltà yẹn pa.

Ó kan ọ̀rọ̀ jáàkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, a kì í sùn sábẹ́ mọ́tò tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì lè yọ̀, ó sì lè máa rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láì jẹ́ kéèyàn fura. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kẹ́ ẹ páàkì sí, ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi igi há táyà ẹ̀yìn níwá lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá fi jáàkì gbé e níbi tí ìwé fi hàn, kẹ́ ẹ ki sítáǹdì méjì sábẹ́ ẹ̀, ẹ sọ mọ́tò náà kalẹ̀ sórí sítáǹdì, ẹ fọwọ́ mì í dáadáa kẹ́ ẹ tó ki orí bọ abẹ́ ẹ̀. Ẹni tí ò bá ní sítáǹdì, kó dúró dọjọ́ tó máa ní i.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè rọ̀, kẹ́ ẹ pa á. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fẹ́, kì í ṣe gbígbóná, torí ọ́ìlì gbígbóná máa bó èèyàn lápá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ọ́ìlì àlòkù ò dáa fún awọ ara.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù rèé. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò, nọ́ọ̀tì méjì tí wọ́n ń tú kí ọ́ìlì lè dà jáde lẹ máa rí, ọ̀kan ti ẹ́ńjìnnì, èkejì ti gíà, wọ́n sì lè jọra. Ẹni tí ò mọ̀ á tú ti gíà, á rí i tí ọ́ìlì ń dà, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀, á dì í padà, á wá da líta mẹ́rin tuntun lé ti àtijọ́ tó ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá wò ó, ẹ́ńjìnnì kún àkúnjù, gíà gbẹ, tó bá sì gbé e jáde báyẹn àfàìmọ̀ kó má ba méjèèjì jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: tí ọ́ìlì bá ti dà tán, kí n tó da ẹ̀kán tuntun kan sí i, màá fa géèjì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, màá nù ún, màá kì í bọ̀ ọ́ padà, màá tún fà á yọ. Tí ọ́ìlì bá ṣì wà lára ẹ̀ dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀tì tí mo tú kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì nìyẹn, mo gbọ́dọ̀ dúró. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ó sì ti gba mọ́tò ọ̀pọ̀ èèyàn là.

Ìbéèrè lábẹ́ ẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ó kù díẹ̀ kí n ra gbogbo irinṣẹ́ tán. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé nọ́ọ̀tì yẹn ti le tó? Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ já bọ́ lójú ọ̀nà.

Èsì mi:
Àbúrò, ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa dì í ju bó ṣe yẹ lọ. Páànù tó gba ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, alumíníọ̀mù ni lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, alumíníọ̀mù ò sì lágbára tó nọ́ọ̀tì irin, tẹ́ ẹ bá fagbára dì í tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, á jẹ, kò sì ní í yé jò mọ́. Ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, kó wọlé ní ìrọ̀rùn yípo bíi mẹ́ta mẹ́rin. Tó bá ń há látìbẹ̀rẹ̀, ó ti dábùú nìyẹn, ẹ tú u padà. Ẹ fi wáṣà tuntun sí i, òun ló ń dí ibẹ̀ pa, kì í ṣe agbára apá. Ẹni tó bá ní sípánà tó ń ka agbára, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ni kó lò, ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré kì í ju bíi 30 sí 40 Nm lọ.

Àǹtí kan fi kún un:
Ẹ má gbàgbé àtiṣéńjì fíltà ọ́ìlì o ẹ̀yin ọmọ ìyá mi.

Èsì mi:
Àǹtí, ẹ ṣeun, èmi gan-an ti jìyà ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣe é nígbà kejì, mo tú fíltà àtijọ́ kúrò, mi ò wò ó pé rọ́bà ẹnu ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, mo yí tuntun lé e lórí, rọ́bà di méjì. Mo ṣíná sí mọ́tò, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ọ́ìlì ti ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ, ká ní mi ò tètè pa á ni, ẹ́ńjìnnì ìbá nọ́ọ̀kì. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá tú fíltà, màá wo ẹnu ẹ̀ bóyá rọ́bà wà níbẹ̀, màá tún fi àkísà nu ojú ibi tó máa jókòó sí, màá fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà tuntun lára. Ọwọ́ nìkan ni mo fi ń dì í, tó bá ti kan ara ẹ́ńjìnnì màá fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yípo kún un. Tí fíltà tiyín bá jẹ́ èyí tó jẹ́ bébà inú ike, ẹ ṣéńjì rọ́bà róbótó tó wà lára ìdérí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ da tuntun sí i, ẹ dín in kù díẹ̀ sí iye tí ìwé sọ. Ẹ fi àrọ dà á, ẹ dé ìdérí, ẹ ṣíná kó ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú kan, iná pupa ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kú kíá. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ó ń jò, ẹ pa á, ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀ sílẹ̀ tó tẹ́jú, kó sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó wo géèjì. Àárín àmì méjèèjì ni ká wà, ká sún mọ́ tòkè. Ẹ má jẹ́ kó kọjá tòkè, torí irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa pò ó títí á fi hó bí ọṣẹ, ọ́ìlì tó ti hó ò sì lè dáàbò bo irin.

Ọ́ìlì àtijọ́, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ omi radiétọ̀ tàbí bíréèkì ọ́ìlì, wọn ò ní í gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ má sì dà á sí gọ́tà.

Ẹni tó béèrè lẹ́ẹ̀kan:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ẹ̀, òótọ́ ni, méjì ni mo rí. Ọ̀kan sún mọ́ fíltà, èkejì wà lápá ibi tí ọ̀pá táyà ti jáde.

Èsì mi:
Èyí tó wà níbi ọ̀pá táyà yẹn jọ ti gíà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ya fọ́tò méjèèjì síbí, kẹ́ ẹ wo àwòrán inú ìwé mọ́tò yín náà, ká lè jọ rí i kẹ́ ẹ tó mú sípánà.